Má Tíì Fín In: Ohun Tí Àwọn Agbẹ́gilére Òsì Fi Kọ́ Mi Ní Ìwé Kíkọ

Olóòtú wa ní kí n ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè di òǹkọ̀wé tó dára sí i. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, torí ní sáà tó kọjá ni mo kọ lẹ́tà kan tó dójú tì mí. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé lẹ́tà yẹn gan-an ló yẹ kí n fi ṣàlàyé. Ẹni tó ti ṣubú ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

Lẹ́tà tó dójú tì mí

Ọ̀nà kékeré kan wà tí àwọn ìyá wa ń gbà ru ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ibi ẹ̀rọ. Ọ̀gbàrá ti jẹ ẹ̀gbẹ́ afárá tó wà lójú ọ̀nà yẹn. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn òjò, ọ̀kan nínú wọn ṣubú síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Àwọn ìyá náà fẹnu kò pé àwọn máa kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Màmá mi ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá akọ̀wé kiri, ọmọ òun wà nínú ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn. Inú mi dùn gan-an. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ojú ìwé méjì àbọ̀. Mi ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni lẹ́tà náà ṣe bẹ̀rẹ̀: "Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe fún ìdàgbàsókè àwùjọ wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n tún ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kò sí àní-àní pé ìjọba rere ni ìjọba tó bá ń gbọ́ igbe mẹ̀kúnnù." Òwe márùn-ún ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Kò sí afárá kankan níbẹ̀.

Màmá mi àti àwọn méjì mìíràn mú lẹ́tà náà lọ. Òṣìṣẹ́ tó gbà á ka ojú ìwé kìíní, ó ṣí èkejì, ó wá gbójú sókè: "Mama, ẹ dákun, kí lẹ fẹ́ gan-an?" Wọ́n fẹnu ṣàlàyé fún un. Ó ní kí wọ́n lọ kọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn wá. Nígbà tí Màmá mi délé, wọ́n gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì, wọ́n ní, "Ó ní òun ò rí ohun tá a fẹ́ nínú ẹ̀." Wọn ò bá mi wí. Ká ní wọ́n bá mi wí ni, ì bá sàn fún mi. Òjò ṣì ń rọ̀, ihò ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i.

Ohun tí a kọ́ ní kíláàsì iṣẹ́ ọnà

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, olùkọ́ wa nínú iṣẹ́ ọnà kọ́ wa nípa àwọn agbẹ́gilére agbègbè wa. Mo ti ń gbọ́ pé Òsì lórúkọ nínú ère gbígbẹ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ bó ṣe tó. Arẹ́ógún ará Òsì, tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1880, tó sì kú ní 1954, gbẹ́ ilẹ̀kùn, ọpọ́n àti ère Ẹpa tí wọ́n tọ́jú pa mọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun lónìí. Bámigbóyè ará Òdò-Ọwá, ní Òkè-Ẹ̀rọ̀ wa níbí, náà ò kéré. Ní 2022, ilé iṣẹ́ ọnà ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn ńlá kan tó dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bándélé, ọmọ Arẹ́ógún, tẹ̀lé bàbá rẹ̀ sẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn fadá ìjọ Kátólíìkì dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, Bándélé wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn fadá yẹn, Kevin Carroll, kọ ìwé kan tó jáde ní 1967. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé ìpele mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí ń pín iṣẹ́ wọn sí. Wọ́n lórúkọ: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín.

Nígbà ọnà lílé, àáké ló ń ṣiṣẹ́. Agbẹ́gilére á gé igi náà títí wàá fi lè mọ̀ pé orí nìyí, àyà nìyí, ẹsẹ̀ nìyí. Kò sí ojú, kò sí imú. Nígbà alétúnlé, á tún padà sórí ohun tó ti lé, á ya etí sọ́tọ̀, á ya ọwọ́ sọ́tọ̀, á fi ojú síbi tí ojú ń gbé. Dídán ni kó mú gbogbo ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ló kan fínfín: ilà ojú, irun dídì, ọnà ara aṣọ, gbogbo ohun tí àwa èrò ìwòran máa ń kọ́kọ́ rí tá a fi máa ń pariwo pé ó dára.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ohun tí òǹwòran kọ́kọ́ rí ni agbẹ́gilére ṣe kẹ́yìn. Mo rántí lẹ́tà mi. Fínfín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń fín ìlà sára igi tí mi ò tíì gé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbìyànjú láti máa kọ̀wé bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ère. Bí mo ṣe tún lẹ́tà náà kọ nìyí.

Kọ́kọ́ wá igi

Gbẹ́nàgbẹ́nà kì í gbẹ́ afẹ́fẹ́. Kó tó gbé àáké, ó ti wá igi tó bá iṣẹ́ náà mu. Igi ti òǹkọ̀wé ni ohun tó mọ̀ dájú: ohun tó fojú rí, ohun tó béèrè, iye tó kà. Mo mú ìwé àjákọ mi, mo lọ bá àwọn ìyá náà níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ìgbà wo ni afárá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́? Ẹni mélòó ló ti ṣubú? Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Wọ́n ní láti ìgbà òjò èṣí ni. Ẹni mẹ́ta ló ti ṣubú, ẹnì kan ló kán lọ́wọ́. Ọ̀nà mìíràn wà, ṣùgbọ́n ó ń gbà tó ìdajì wákàtí kún ti tẹ́lẹ̀, ẹ sì rántí pé ẹrù wà lórí. Mo lọ síbẹ̀ fúnra mi, mo wọnú ihò náà. Ó mù mí dé ìbàdí.

Kò sí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ Yorùbá. Mi ò béèrè ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe nínú àròkọ nìyí. Wọ́n á ní ká kọ̀wé lórí "Ọjà ìlú mi", a ó kọ ọ́ pé ọjà náà máa ń kún fún èrò, pé oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àròkọ yẹn lè jẹ́ ti ọjà ìlúkílùú. Lọ sọ́jà kó o tó kọ ọ́. Kọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gààrí kan, kọ ohun tí alátà sọ nígbà tí oníbàárà rẹ̀ yọwó kékeré, kọ ibi tí omi máa ń dúró sí bí òjò bá rọ̀. Olùkọ́ tó ń ka ogójì àròkọ á mọ̀ pé ìwọ dé ọjà.

Ọnà lílé: ibo ni orí, ibo ni ẹsẹ̀?

Nígbà tí igi ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì kọ gbólóhùn kankan. Mo kọ ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀: Ta ni wá? Kí ló ṣẹlẹ̀? Níbo ni? Láti ìgbà wo? Kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe? Mo fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò dùn ún kà rárá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ afárá ni.

Ìdánwò kan wà fún ìpele yìí. Bí ẹnì kan bá bi ọ́ pé kí lo ń kọ̀wé lé lórí, ṣé o lè fi gbólóhùn kan dá a lóhùn? Tó bá jẹ́ pé ńṣe lo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ náà pọ̀ díẹ̀," igi rẹ ò tíì lórí. Padà sídìí àáké.

Alétúnlé: padà sí i

Èyí ló ṣòro jù fún èmi. Bí a bá ti kọ nǹkan dé ìsàlẹ̀ ìwé, ó máa ń ṣe wá bíi pé a ti parí. Àwọn ará Òsì ò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìpele kejì fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé ohun tí a ti lé, a óò tún un lé.

Nígbà tí mo padà sórí lẹ́tà náà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá tó kán lọ́wọ́ ló kẹ́yìn. Mo gbé e wá sókè. Mo rí i pé mo ti sọ̀rọ̀ ilé ìwé wa àti bí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ṣe ń gbìyànjú. Mo bi ara mi pé kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún afárá. Mo yọ ọ́. Ó dùn mí díẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn létí mi jù. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére kì í sunkún lórí ẹ̀ẹ́rún igi. Ère wà nínú igi náà, ohun tí kì í ṣe ère ló ń gé kúrò.

Àwa òǹkọ̀wé tilẹ̀ rí i ṣe jù wọ́n lọ. Odindi igi kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère Ẹpa, látorí ìkòkò tó ń bo orí ẹni tó gbé e títí dé àwọn èèyàn tó wà lókè rẹ̀. Bí àáké bá ṣèèṣì gé imú, imú ti lọ nìyẹn. Tiwa, bí a bá gé ohun tí kò yẹ ká gé, a lè dá a padà. Kí ló wá ń bà wá lẹ́rù?

Dídán: fi etí dán an wò

Mo ka lẹ́tà náà sókè fún Màmá mi. Màmá mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n etí wọn mú. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó lọ báyìí: "Afárá náà tí ó jẹ́ wí pé òun ni àwọn ìyá wa tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ àti oníṣòwò máa ń gbà kọjá ni ó ti wà nínú ipò tí kò bójú mu rárá." Wọ́n ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?" Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo gé e sí méjì: "Ọ̀gbàrá ti jẹ ẹ̀gbẹ́ afárá náà. Ihò tó wà níbẹ̀ mu èèyàn dé ìbàdí." Wọ́n mirí.

Ẹ máa ka ohun tẹ́ ẹ bá kọ sókè. Ibi tí èémí yín bá ti tán kí gbólóhùn tó tán, ẹ gé e. Ibi tí ahọ́n yín bá ti kọsẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ibi tí ẹ bá ti sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ mú ọ̀kan, ẹ ju èkejì nù.

Fínfín: ìsinsìnyí ló tó àkókò

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ká má pòwe mọ́ o. Ère tí kò ní fínfín ò tíì parí. Ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tó jáde ní 1938, kún fún òwe, àfiwé àti ọ̀rọ̀ tó ń dún bí ìlù. Ṣùgbọ́n ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ máa rí i pé ọdẹ kan ṣì wà níbẹ̀ tó wọ igbó tó léwu, tó tún jáde láàyè. Orí wà, ẹsẹ̀ wà. Ara tó dúró dáadáa ni Fágúnwà fín ọnà sí. Àwa máa ń wo fínfín rẹ̀, a ò wo àáké rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bá a bá fẹ́ kọ bíi tirẹ̀, òwe nìkan ló máa ń kún ọwọ́ wa.

Nínú lẹ́tà kejì, òwe kan ṣoṣo ni mo fi sí i, ó sì wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn tí a ti sọ ohun tí a fẹ́: pé kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́. Ó bá ihò tó ń fẹ̀ lójoojúmọ́ mu. Ohun tí mo fi ń dán òwe wò báyìí ni pé, bí mo bá yọ ọ́, ṣé nǹkan dín kù? Bí kò bá dín, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Àmì ohùn náà wà lára fínfín. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi sí i, a ní ẹni tó ń kà á máa mọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń lò láti òkè wá. Ọnà ni iṣẹ́ agbẹ́gilére, ọ̀nà ni ibi tí à ń gbà kọjá. Bí o bá kọ "ona" lásán, o ti kó iṣẹ́ rẹ fún ẹlòmíì láti ṣe.

Gbẹ́nugbẹ́nu

Àwọn baba wa ní ibi tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ti parí iṣẹ́ ni gbẹ́nugbẹ́nu ti ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Kò sí bí o ṣe lè kọ̀wé tí ẹnu ò ní kàn án. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó yẹ ká gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo èèyàn méjì. Lámidi Fákẹ́yẹ wá láti ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì ti ń gbẹ́ ère fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ó lọ fi ara rẹ̀ sábẹ́ Bándélé ará Òsì, ó fi ọdún mẹ́ta ṣe ọmọọṣẹ́ rẹ̀. Ẹni yìí náà ló wá gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Kò sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹnì kejì ni Amos Tutùọlà ará Abẹ́òkúta. Ilé ìwé tó lọ kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́fà lọ. Nígbà tí ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní 1952, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé níbí bínú pé irú Gẹ̀ẹ́sì wo nìyí. Kò dáwọ́ dúró, ó ń kọ̀wé lọ. Ìwé náà ṣì wà lórí àtẹ títí dòní.

Ọ̀kan gbọ́ ìbáwí, èkejì ò jẹ́ kí ìbáwí dá òun dúró. Méjèèjì ló tọ̀nà. Bí mo ṣe yé e sí nìyí: bí ẹnì kan bá ní ohun tó o kọ ò yé òun, gbọ́ tirẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ JSS1. Kò lè purọ́ pé kò yé òun. Òṣìṣẹ́ tó bi Màmá mi pé kí lẹ fẹ́ gan-an ò bú mi, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá yé ẹnì kan, tó wá ń bínú pé o ò kọ ọ́ bíi ti àwọn yòókù, dúró ná, rò ó wò. Ohùn tìrẹ lè jẹ́ ohun tó dára jù níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Lẹ́tà kejì ò ju ojú ìwé kan lọ. Òṣìṣẹ́ náà kà á dópin, ó béèrè bí wọ́n ṣe lè débẹ̀, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin méjì wá pẹ̀lú téèpù, wọ́n wọn ihò náà, wọ́n lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì wá tún un ṣe. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìwé tó dára máa ń di ihò. Lẹ́tà kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún bi àwọn ìyá wa pé kí ni wọ́n fẹ́. Bí wọn ò bá ṣe é, kì í ṣe torí pé wọn ò gbọ́. Àwọn ìyá náà ti ní kí n kọ òmíràn láti rán wọn létí, mo sì ti wà nídìí ọnà lílé.

Iṣẹ́ kékeré kan rèé fún ẹni tó bá fẹ́. Mú àròkọ tó o kọ kẹ́yìn, fi ọwọ́ bo ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìkejì. Bí kò bá sí ohun tó sọnù, o ti mọ ibi tí àáké máa kọ́kọ́ bà. Bí o bá sì fẹ́ kí a jọ wò ó, mú un wá bá wa nínú ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn lẹ́yìn tí wọ́n bá lu aago ìjáde. Má tíì fín in o. Bó ṣe wà ni kó o mú un wá.

Ire o.